Ife-ẹ̀yẹ tí Lyle gbà n'Íkòyí: kí ló dé tí wọn kì í kà á mọ́ tìyókù?

Bí ẹ bá ka ìtàn Sandy Lyle, ọmọ Scotland tó gba Open Championship ní 1985 tó sì gba Masters ní 1988, méjì lára ìdíje gọ́ọ̀fù mẹ́rin tó ga jù lágbàáyé, ẹ ó rí i pé Ìkòyí l'Ékòó ló ti gba ife àkọ́kọ́ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gọ́ọ̀fù jẹun: Nigerian Open, 1978. Ẹ wá ṣí ojú ewé tí wọ́n to àwọn ìdíje tó borí ní European Tour, àjọ tó ń to ìdíje gọ́ọ̀fù Yúróòpù, sí. 1978 ò sí níbẹ̀. Láti orí Jersey Open ti 1979 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀.

Òun nìkan kọ́. Seve Ballesteros, ọmọ Spain, gba Kenya Open lọ́dún 1978 kan náà, síbẹ̀ kò sí nínú àádọ́ta ife tí European Tour kọ mọ́ orúkọ rẹ̀. Vijay Singh láti Fiji gba Nigerian Open ní 1988. Volvo Open tó gbà ní 1989 ni European Tour kọ́kọ́ kà fún un. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀lé gọ́ọ̀fù á rò pé wọ́n fojú tín-ín-rín ife ilẹ̀ Áfíríkà ni, tàbí pé akọ̀wé kan ló gbàgbé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ipò ni.

Ará Èkìtì ló sì yẹ kó tètè yé. Nílẹ̀ tiwa, ìlú kan lè wà látayébáyé tòun ti ọba rẹ̀, adé rẹ̀ àti ọdún ìbílẹ̀ rẹ̀, kí ìjọba wá gbé àga náà láti ipò kejì sí ipò kìn-ín-ní. Oyè ò yí, ààfin ò ṣípò. Ohun tó yí ni àwọn tí ọba yẹn ń bá jókòó, owó tó ń wọlé fún un, àti ibi tí wọ́n ń tẹ́ àga rẹ̀ sí níbi ìpàdé. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé èyí tó jẹ ṣáájú kì í ṣe ọba. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́ Pèlúpèlú, ìgbìmọ̀ àwọn ọba ńlá Èkìtì, nítorí kò bá wọn jókòó nígbà ayé rẹ̀. Bí ìdíje gọ́ọ̀fù ṣe rí gan-an nìyẹn. Orúkọ Kenya Open wà láti 1967. Ìjókòó rẹ̀ ti yí padà léraléra.

Ohun tó ń fúnni ní ìjókòó ni tour. Ìdíje ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lórí pápá kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan: Ọjọ́bọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, ihò 18 lójúmọ́, ihò 72 lápapọ̀. Tour ni àjọ tó so ọ̀pọ̀ ìdíje bẹ́ẹ̀ pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé ìparí, tó ń pinnu ẹni tó lè wọlé, tó ń ka máàkì gbogbo wọn pọ̀, tó sì ń fún èèyàn ní káàdì. Ẹni tí kò ní káàdì, ìta ló máa dúró sí, àfi bí àwọn tó gbàlejò ìdíje bá fìwé pè é, tàbí kó la ìdíje ìwọlé kọjá. European Tour bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Láti sáà 2022 ni wọ́n ti ń pè é ní DP World Tour. Lábẹ́ rẹ̀ ni Challenge Tour wà, ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn ọ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1986 lórúkọ míì kó tó di Challenge Tour ní 1990, tí wọ́n sì ń pè ní HotelPlanner Tour láti 2025. Ẹni tó bá ṣe dáadáa ní ìsàlẹ̀ títí sáà fi parí á gba káàdì lọ sókè.

Ọ̀rọ̀ "Open" náà ń tan èèyàn jẹ. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè gbé ọ̀pá rẹ̀ wá. Ní Prestwick, Scotland, níbi tí Open Championship ti bẹ̀rẹ̀ ní 1860, àwọn mẹ́jọ péré tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ni wọ́n jẹ́ kó díje. Willie Park ló borí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí àwọn tó ń gbá a fún fàájì náà máa bọ̀. Ibẹ̀ ni "Open" ti wá: ìdíje tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí fún oríṣi òṣèré méjèèjì. Ẹni tó ń gbá a fún fàájì lè borí, ó lè gbé ife lọ sílé, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan owó náà. Ẹni tó tẹ̀ lé e nínú àwọn tó ń fi í jẹun ló máa gbà á.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Áfíríkà. Nigerian Open bẹ̀rẹ̀ ní 1969. Ìkòyí nilé rẹ̀. Kenya Open ti ṣáájú rẹ̀ lọ́dún méjì. Guy Wolstenholme, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba àkọ́kọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n so ìdíje méjèèjì yìí pọ̀ mọ́ ti Zambia, wọ́n pè é ní Safari Circuit. Ivory Coast àti Zimbabwe dára pọ̀ mọ́ wọn nígbà tó yá. Ohun tó gbé e ró rọrùn: láti January sí March, òtútù àti yìnyín ti bo pápá ní Yúróòpù, ẹni tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun níbẹ̀ kò ríṣẹ́ ṣe. Nílẹ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òjò kì í da ìdíje rú. Nítorí náà, àwọn ọ̀dọ́ tí iná wà lára wọn á wọ ọkọ̀ òfúrufú wá, wọ́n á gbá ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti ìlú dé ìlú, wọ́n á sì padà sílé kí ìdíje tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí koríko bá yọ.

Ìdáhùn ìbéèrè wa wà níbẹ̀. Safari Circuit dá dúró gedegbe. Òṣèré European Tour ló ń gbá a, àmọ́ máàkì rẹ̀ ò wọ inú ìṣirò European Tour. Àwọn tó wá ò sì kéré rárá. Ní 1978 nìkan, Lyle gba ti Nàìjíríà, Seve gba ti Kenya. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni Seve gba Open Championship. Ian Woosnam gba Kenya ní 1986, ó gba Masters ní 1991. Bill Longmuir, ọmọ Scotland, sọ Ìkòyí di ilé: ó gba Nigerian Open ní 1976, 1980 àti 1985. Ẹni tó bá sọ pé ìdíje kékeré ni, kó wo orúkọ àwọn tó gbé e lọ.

Ìdíje tó tún máa ń fa àríyànjiyàn ni Nigerian Open ti 1981, nítorí òǹkà rẹ̀. Peter Tupling, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi 255 borí. Ká lè mọ ohun tí 255 yẹn jẹ́, a ní láti mọ bí wọ́n ṣe ń ka gọ́ọ̀fù, nítorí ẹni tí òǹkà rẹ̀ kéré jù ló ń borí, èyí tó yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Par ni iye ìgbà tí wọ́n gbà pé ó yẹ kí ọ̀jáfáfá gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò: 3, 4 tàbí 5, bí ihò náà bá ṣe jìn tó. Ẹ gbà pé wọ́n rán yín lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó, wọ́n kó ₦4,000 lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ fi ra iṣu wá. Bí ẹ bá rà á ní ₦3,000, ẹgbẹ̀rún kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín: birdie nìyẹn, wọ́n á kọ −1. Bí ₦2,000 bá ṣẹ́kù, eagle ni, −2. Bí ẹ bá ná ₦5,000, ẹ ti fi ẹgbẹ̀rún kan kún un látinú àpò ara yín: bogey, +1. Ihò 18 ni pápá, ọjà 18 nìyẹn lójúmọ́. Ẹni tí ṣéńjì rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí ọjọ́ mẹ́rin bá pé ló gbé ife.

Par gbogbo ihò Ìkòyí, tí a bá rò ó pọ̀, jẹ́ 71. Tupling gbá 63 lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ohun tó máa wà lójú pátákó ni −8. Ó gbá 66 lọ́jọ́ kejì, ìyẹn −5 sí i, pátákó á sọ −13. Ọjọ́ kẹta, 62, ó di −22. Ọjọ́ kẹrin, 64, ó di −29. Ẹ ro 63, 66, 62 àti 64 pọ̀, 255 ló máa jáde. Ti Lyle ní 1978 náà ò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú: 61 lọ́jọ́ kìn-ín-ní, 63 lọ́jọ́ kejì, 124 lórí ihò 36. Inú ọdún tó kọ́kọ́ fi gọ́ọ̀fù jẹun ló ti ṣe é.

Kí ló jẹ́ kí òǹkà náà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Pápá Ìkòyí nígbà náà gùn ní yáàdì 6,024, bíi mítà 5,508. Pápá tí àwọn ọ̀jẹ̀ ń gbá lónìí sábà máa ń kọjá yáàdì 7,000. Ẹni tó bá fi 255 ti Ìkòyí wé 255 ibòmíì láìwo gígùn pápá, iye iṣu ló kà, kò wo bó ṣe tóbi. Èyí ò bu Tupling kù; gbogbo àwọn tó bá a díje, pápá kan náà ni wọ́n gbá.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń wo gọ́ọ̀fù lórí tẹlifíṣọ̀n kì í mọ̀: kì í ṣe gbogbo pápá ló ní koríko ní etí ihò. Lójú tẹlifíṣọ̀n, koríko ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, wọ́n gé e mọ́lẹ̀ bíi milimítà mẹ́ta sí mẹ́rin, bọ́ọ̀lù á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí táìlì tó lọ́ṣẹ. Koríko yẹn nílò omi lójoojúmọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó nílò ẹ̀rọ tí abẹ rẹ̀ mú gan-an, ó sì nílò ẹni tó mọ oògùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá nílẹ̀ wa ò ní àǹfààní yẹn nígbà náà, àwọn kan ò sì tíì ní in títí di òní. Brown ni wọ́n ń lò dípò green, ìyẹn koríko etí ihò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á sẹ́ iyanrìn kí òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ń lo ọ́ìlì tí wọ́n yọ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ yí ihò ká, wọ́n á sì fi ohun wíwúwo yí i mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ́ìlì ni pé kó di iyanrìn mú, kí ọyẹ́ má fẹ́ ẹ lọ, kí òjò má wọ́ ọ. Ibi tí wàhálà wà ni ìwọ̀n. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, ojú ibẹ̀ á máa lẹ̀, bọ́ọ̀lù á dúró sí àárín ọ̀nà. Bí kò bá tó, iyanrìn á tú, bọ́ọ̀lù á rì sínú rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé kí wọ́n tó tún un ṣe, omi á la ojú rẹ̀ bíi títì tí wọn ò ṣe gọ́tà sí. Kí òṣèré tó gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí ihò, wọ́n á kọ́kọ́ fi igi tàbí irin wọ́ ojú ọ̀nà náà kó tẹ́jú, nítorí ipa bàtà ẹni tó gbá ṣáájú ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù kì í fi bẹ́ẹ̀ yà lórí brown bó ṣe ń yà lórí koríko. Ẹni tó bá fọkàn balẹ̀, tó gbá a gbọnrangandan, ló máa ń rí i wọlé. Ọ̀jẹ̀ láti Yúróòpù tó ti mọ́ lára láti fojú wo yíyà koríko á kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ méjì kó tó mọ̀ pé ọ̀nà náà gún.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń gbé àwọn òyìnbó wá, òun náà ló ń pa koríko.

Ẹ̀ẹ̀rùn kan náà ló wá kúrò lọ́wọ́ wa. Ní 1989, Dubai bẹ̀rẹ̀ ìdíje tirẹ̀, Desert Classic, lábẹ́ European Tour. Lẹ́yìn náà, tour yẹn ń wá ibi oòrùn sí i: Éṣíà, Gúúsù Áfíríkà, àwọn ìlú Lárúbáwá. Oṣù tí òṣèré kò ríṣẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀ di oṣù tí ìdíje olówó ńlá wà, tí máàkì rẹ̀ sì ń wọ ìṣirò. Ta ni yóò tún fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan gbá ìdíje tí wọn kò ní kà fún un? Tiwa ní Nàìjíríà tún ní ìṣòro míì lórí rẹ̀: ẹni tó bá rántí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986, mọ bí owó náírà ṣe rọ̀. Ẹ̀bùn tí wọ́n kà ní náírà lè máa pọ̀ sí i lójú wa, kó máa kéré sí i lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣẹ́ ẹ sí pọ́n-ùn.

Kenya gba ọ̀nà míì. Ní 1991, wọ́n fi Kenya Open sábẹ́ Challenge Tour. Kò tíì dé òkè, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ìwé: máàkì rẹ̀ ń ran òṣèré lọ́wọ́ láti gba káàdì. Àwọn ọ̀dọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Trevor Immelman láti Gúúsù Áfíríkà gbà á ní 2000, ó sì gba Masters ní 2008. Edoardo Molinari, ọmọ Ítálì, gbà á ní 2007, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló wà nínú ikọ̀ Yúróòpù tó gba Ryder Cup, ìdíje àárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ní 2019 ni wọ́n gbé àga náà sókè, ó di ìdíje European Tour gan-an. Owó tó wà nílẹ̀ fò láti €500,000 ní 2018 sí €1,100,000 lọ́dún yẹn. Guido Migliozzi, ọmọ Ítálì, ló borí lórí pápá Karen, ní Nairobi. Ife tirẹ̀, wọ́n kà á. Ti Seve, tí orúkọ wọn jọ jẹ́ Kenya Open, wọn ò kà á.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí "ó gba Kenya Open", ẹ wo ọdún kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 títí di 1990, Safari ni. Láti 1991 sí 2018, Challenge Tour. Láti 2019, ipò kìn-ín-ní. Covid ò jẹ́ kó wáyé ní 2020.

Gbígbé àga sókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ẹ̀bùn nìkan. Tour á wá wo bóyá pápá náà gùn tó, bóyá koríko etí ihò dọ́gba láti ìkíní dé ìkejìdínlógún, bóyá àyè wà fún ìgbáradì. Wọ́n ní irin kan tó gùn ní ínṣì 36, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sórí rẹ̀, wọ́n á gbé orí kan irin náà sókè títí bọ́ọ̀lù á fi yí kúrò, wọ́n á wá wọn bó ṣe yí jìnnà tó lórí koríko, kí wọ́n lè mọ bí ojú ibẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó. Ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ níbi ìdíje ńlá. Irú ìwọ̀n yẹn kò bá brown mu rárá, ìdí nìyẹn tí pápá oníyanrìn kò fi lè wọ ipò náà, bó ti wù kí owó pọ̀ tó. Nairobi tún ní ohun tí kò lówó lórí: ìlú náà ga tó bíi mítà 1,700 sókè òkun. Èfọ̀n Aláayè tí à ń pè ní orí òkè kò dé ìdajì rẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́ níbẹ̀, bọ́ọ̀lù á fò jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, òṣèré tí kò bá ṣírò èyí á gbá a kọjá ibi tó ń wò.

Fún ẹni tó bá ń wo ìdíje náà láti Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, àwọn àmì kan wà lójú pátákó tó yẹ kó yé e. E túmọ̀ sí pé ẹni náà wà lórí par gẹ́lẹ́, kò jèrè, kò jẹ gbèsè. T5 ni pé òun àti àwọn míì jọ wà ní ipò karùn-ún. F ni pé ó ti parí ihò 18 ti ọjọ́ yẹn. Bí ìràwọ̀ kékeré bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹkà ihò tó dé, ihò kẹwàá ló ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìkíní. Wọ́n ń pín àwọn òṣèré sí ibi méjì kí ilẹ̀ má ṣú. WD ni pé ó fúnra rẹ̀ yọ kúrò.

CUT ló le jù. Ní European Tour, lẹ́yìn ihò 36, àwọn 65 tó ṣáájú àti gbogbo ẹni tí òǹkà rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni kárùndínláàádọ́rin nìkan ló máa gbá ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú. Àwọn yòókù á palẹ̀ ẹrù mọ́ láìgba kọ́bọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sanwó ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n ti sanwó òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti sanwó ẹni tó ń ru àpò ọ̀pá wọn. Ẹni tó borí á mú bíi ìdá kan nínú mẹ́fà gbogbo owó náà. Ìgbá kan ṣoṣo lórí ihò 36 lè ya àwọn tó lọ sílé kúrò lára àwọn tó dúró.

DQ náà wà, ó sì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu nítorí kì í ṣe ìjà ló sábà ń fà á. Òṣèré kì í kọ òǹkà ara rẹ̀ sórí káàdì ìdíje. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbá ló ń bá a kọ ọ́, òun á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì fọwọ́ sí i. Bí ó bá fọwọ́ sí 4 níbi tó ti gbá 5, wọ́n á lé e jáde, kódà bó jẹ́ pé àṣìṣe ni. Bí ó bá fọwọ́ sí 5 níbi tó ti gbá 4, 5 yẹn ló máa jẹ́ tirẹ̀, kò sí àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìpè ló kù. Orílẹ̀-èdè tó gbàlejò ní ẹ̀tọ́ láti fi àwọn ọmọ rẹ̀ mélòó kan sínú ìdíje láìní káàdì tour. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Kenya ń gbà bá àwọn ọ̀jẹ̀ Yúróòpù pàdé lórí pápá ilé wọn lọ́dọọdún. Wọ́n mọ koríko ibẹ̀, wọ́n mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe ń fò nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Síbẹ̀, títí di 2025, ọmọ Kenya kankan ò tíì gbé ife náà. Ní 1998, Jacob Okello dé ipò kejì.